Fọ́tò Ìbejì Tó Wà Lórí Ilẹ̀kùn Ìyá Mi

Nílé ìyá mi ní Aràmọkọ, òkè téńté ni fọ́tò máa ń wà. Bí ẹ bá wọ pálọ̀ wa, ẹ ó ní láti gbé orí sókè bí ẹni tó ń ka àgbọn kí ẹ tó lè rí ojú ẹnikẹ́ni nínú ẹbí. Abẹ́ àjà gan-an ni wọ́n to gbogbo wọn sí, férémù lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù, wọ́n sì jẹ́ kí orí wọn tẹ̀ síwájú díẹ̀, àfi bí ẹni pé àwọn òkú ilé fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo ohun tí à ń jẹ. Àgbà ló ń wà lápá ọ̀tún, ọmọdé lápá òsì. Ẹni tó bá gbé fọ́tò ọmọ ga ju ti bàbá lọ ti dá ìjà sílẹ̀. Mo rí irú ìjà bẹ́ẹ̀ rí. Odidi ọdún kan ni àbúrò bàbá mi kan kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé wa nítorí pé wọ́n kan fọ́tò rẹ̀ mọ́ abẹ́ ti ẹnì kan tó fi ọdún méjì péré jù ú lọ.

Mi ò rí ohun tó burú nínú ètò yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí mo padà wálé láti máa tọ́jú ìyá mi. Ìyá mi ti lé díẹ̀ ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ojú rẹ̀ ti ṣú. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò dá ojú ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò tíì darúgbó. "Tíṣà" ló ń pè mí, pàápàá bí inú bá ń bí i, ó ní mo máa ń bá àgbà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kíláàsì mi ni wọ́n jókòó sí. Kò purọ́ mọ́ mi.

Fọ́tò kan wà tí kò sí lára àwọn tó wà lókè yẹn. Orí ilẹ̀kùn yàrá ìyá mi ló wà, ibi tí ọwọ́ lè tó. Ọmọdé méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, aṣọ olódòdó sì wà lẹ́yìn wọn. Obìnrin ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó wọ gáùn tó ní léèsì lọ́rùn, wọ́n sì di irun rẹ̀. Ọkùnrin ló wà lọ́wọ́ òsì, ó wọ ẹ̀wù funfun àti ṣòkòtò péńpé, ó dé fìlà abetí ajá tó tóbi jù ú lọ, tó bo gbogbo irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èmi ni obìnrin yẹn. Ìkejì mi ni ọkùnrin. Òun ló kọ́kọ́ jáde wá, èmi ni mo tẹ̀lé e, nítorí náà èmi ni ẹ̀gbọ́n, bí gbogbo ọmọ Yorùbá ṣe mọ̀. Ẹ ti mọ orúkọ mi nìyẹn, mi ò tún ní kọ ọ́ síbí.

Àbúrò mi yìí kò ju ọmọ ọdún méjì lọ tó fi lọ. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ó kú. Wọ́n á ní ó rìnrìn àjò. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo gbà pé ìrìn àjò ni lóòótọ́, inú sì máa ń bí mi sí i pé kò kọ lẹ́tà sí wa. Nígbà tí mo dàgbà tó láti mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, mi ò béèrè mọ́, ṣùgbọ́n mi ò jáwọ́ nínú bíbá a sọ̀rọ̀. Bí mo bá gba ipò kìíní, màá gbé káàdì mi sókè fún un kó rí i. Bí wọ́n bá nà mí, òun ni mo máa ń fẹjọ́ sùn. Nígbà tó ku ọ̀la ìgbéyàwó mi, mo dúró sábẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, mo sọ fún un pé ọkọ ìyàwó kúrú díẹ̀ ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ dára. Ọkọ mi kò mọ̀ títí dòní, ẹ má sọ fún un.

Mo fẹ́ràn ojú rẹ̀ púpọ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé kò sí ẹni tó jọ mí láyé yìí bíi tirẹ̀: ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà, etí kan náà, iwájú orí kan náà tó yọ síta bíi ti ẹni tó fẹ́ jiyàn. Bí irun mi ṣe ń funfun, mo ń fi ọkàn fún òun náà ní ewú. Ìlà tín-ín-rín kan gba àárín fọ́tò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn òdòdó ara aṣọ ẹ̀yìn kò sì bára mu níbi tó gbà. Mo rò pé ẹnì kan ti ká a rí ni.

Ní ìgbà òjò ọdún tó kọjá, ìjì ṣí páànù kan lórí ilé wa. Kí káfíńtà tó dé, omi ti ṣàn sílẹ̀ lára ògiri pálọ̀, ó ti gba orí ilẹ̀kùn yàrá ìyá mi kọjá. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo tó gbé ojú sókè wo fọ́tò ìbejì wa dáadáa. Omi ti wọ inú férémù. Fọ́tò ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Nǹkan funfun kan, irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì ọlọ́jọ́ pípẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ láti etí òsì, ó ti bo bàtà àbúrò mi, ó ti bo orúnkún rẹ̀, ó ń gòkè lọ sí àyà. Apá ọ̀dọ̀ mi mọ́ kedere.

Ẹ̀rù bà mí. Kò sí fọ́tò mìíràn tí wọ́n ya ọmọ náà, ìyẹn nìkan ni. Onífọ́tò tó yà á ti kú tipẹ́, àwọn ẹ̀rọ àti fíìmù rẹ̀ ti bá a lọ. Bí funfun yẹn bá dé ojú rẹ̀, kò sí ibòmíràn láyé tí mo ti tún lè rí i. Mo wá ń wo ara mi bí ẹni tí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ fún, tó wá lọ sùn.

Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni mí. Ohunkóhun tó bá ti tutù nílé wa, oòrùn la fi ń wò ó. Nígbà tí oòrùn yọ lọ́jọ́ kejì, mo tẹ́ ẹní síwájú ilé, mo sọ gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ àjà kalẹ̀, mo yọ wọ́n kúrò nínú férémù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì sá wọn bí ẹni sá kòkó. Mo tilẹ̀ ń yí wọn padà kí oòrùn lè dé ìhà méjèèjì. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ sóko kí mi pé, "Ẹ kú uṣẹ́ o, mà! Àwọn baba jáde gba atẹ́gùn lónìí?" Mo dá a lóhùn tìdùnnú-tìdùnnú. Nígbà tó fi di ọ̀sán, àwọn baba ti ká kò bí èèpo ọsàn. Mo gbìyànjú láti na bàbá bàbá mi tààrà, ó dún pẹ́ẹ́, ó sì sán láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Mo wá kó gbogbo wọn sínú àpótí onírin, mo da kánfọ̀ lé wọn lórí bí ẹni tó ń tọ́jú aṣọ òkè.

Ìyá mi gbọ́ òórùn kánfọ̀, ó bi mí pé kí ni mò ń ṣe láti àárọ̀. Mo ṣàlàyé fún un.

"O sá wọn?" ó ní. "Lóòrùn? Tíṣà! Bàbá rẹ kì í ṣe kòkó!"

Ọlọ́run ló yọ mí nípa ti ìbejì, nítorí fọ́tò náà kò gbà kí n yọ òun kúrò lára gíláàsì. Mo ti lọ mú ọ̀bẹ tín-ín-rín kan wá láti ilé ìdáná, mo fẹ́ fi yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bí ìyá mi ṣe gbọ́ tí irin kan gíláàsì, ó dìde. Obìnrin tó ń fi ọ̀pá rìn, mi ò mọ ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Má fi ọ̀bẹ kan ọmọ mi," ó ní.

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn náà, ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ fẹ̀yìn tì sọ fún mi pé onífọ́tò àgbàlagbà kan wà ní Ìjerò tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú fọ́tò tó ti bàjẹ́. Mo fi ìró àtijọ́ ìyá mi wé férémù náà, mo gbé e lé itan, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjerò. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò ni mo ń pariwo mọ́ dírẹ́bà. Ọkùnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá dígí ni mo gbé. Mo ní àbúrò mi ni. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé.

Bí mo ṣe ń wo oko kòkó tó ń kọjá lójú fèrèsé, mo ń rántí bí fọ́tò yíyà ṣe rí nígbà èwe mi. Iṣẹ́ ńlá ni. Bí wọ́n bá ní ẹ̀ ń lọ ya fọ́tò, láti ọjọ́ méjì ṣáájú ni wọ́n ti ń yá bàtà káàkiri agbo ilé. Wọ́n á wẹ̀ ọ́ títí ara rẹ á fi máa ta ọ́, wọ́n á kun ọ́ ní àtíkè, wọ́n á ní o ò gbọdọ̀ jókòó, o ò gbọdọ̀ jẹun, o ò sì gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹni tó bá rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò ti ba ti gbogbo ilé jẹ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á lọ sí Ìkògòsì, wọ́n á ya ọgọ́rùn-ún fọ́tò sínú fóònù níbi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù, wọn ò ní tẹ ẹyọ kan jáde. Bí fóònù bá já sódò, wọ́n ti di ẹni tí kò dé Ìkògòsì rí. Àwa tí a ní fọ́tò méjì péré láti ìgbà èwe, a mọ ọjọ́ tí wọ́n yà wọ́n, a mọ ẹni tó ni bàtà.

Àgbàlagbà bíi tèmi ni onífọ́tò Ìjerò náà, awò rẹ̀ wà ní orí imú, fọ́tò pélébé-pélébé ti àwọn ọmọ ilé-ìwé sì kún ara ògiri rẹ̀. Ó tú ìró náà, ó gbé férémù sórí tábìlì, kò sì fi ọwọ́ kàn án fún ìgbà pípẹ́. Ó kàn ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló wò mí.

"Mọ́mì, ẹ ti sá àwọn tó kù lóòrùn, àbí?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ọwọ́ yín ń rùn kánfọ̀, mà. Ẹni tó bá ti da kánfọ̀ lé fọ́tò, ó ti sá a ná."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá mi wí. Mo jókòó, mo sì gbọ́ ẹ̀kọ́ mi bí ọmọ ilé-ìwé. Ó ní oòrùn ń jẹ fọ́tò, òógùn ọwọ́ ń jẹ ẹ́, èéfín ilé ìdáná ń jẹ ẹ́, kánfọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní abẹ́ páànù tí a kó wọn sí láti fi bọlá fún wọn yẹn ni ibi tó gbóná jù lọ nínú ilé, ibẹ̀ náà sì ni òjò ti ń kọ́kọ́ wọlé.

"Ibi tí ẹ̀yin fúnra yín bá ti lè sùn láì làágùn, tí òtútù ò sì ní mú yín, ibẹ̀ ni kí ẹ kó wọn sí," ó ní. "Ẹ fi pépà funfun sí àárín wọn, ẹ má fi ọ̀rá dì wọ́n. Èyí tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ jẹ́ kó wà lára gíláàsì rẹ̀. Bí a bá fà á, ojú ló máa ṣí kúrò. Láti ìta gíláàsì ni a máa yà á."

Ó rọra nu ìta gíláàsì náà, ó to iná méjì sí ẹ̀gbẹ́ kí gíláàsì má bàa kọ mànà, ó sì yà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ tí ojú àbúrò mi fi yọ lójú ẹ̀rọ náà, ó tóbi tó ojú ènìyàn gidi. Funfun yẹn kò tíì dé ibẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù olóṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Ọpẹ́ o! Ó ṣẹ́ kù! Ó ṣẹ́ kù!"

Onífọ́tò kò pàtẹ́wọ́. Ó wo ojú ọkùnrin, ó wo ojú obìnrin, ó tún padà sí ti ọkùnrin. Ó wá bọ́ awò rẹ̀.

"Màmá yín ńkọ́? Ṣé wọ́n wà láyé?"

"Wọ́n wà."

"Ẹ ó kọ orúkọ sẹ́yìn gbogbo fọ́tò yín, mà. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, ẹ má fi báírò, báírò á là á kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì kọ nǹkan kan sẹ́yìn èyí títí ẹ ó fi bi Màmá."

"Kí ni mo tún fẹ́ bi wọ́n? Ọkùnrin kan, obìnrin kan. Àbí mi ò dá ara mi mọ̀ ni?"

"Ẹ ṣáà bi wọ́n, mà," ó ní. "Fọ́tò ìbejì ayé àtijọ́, a kì í méfò."

Mo ka ọ̀rọ̀ náà sí àṣejù oníṣẹ́ ọwọ́. Mo gba ẹ̀dà méjì tó tẹ̀ fún mi lórí pépà tó nípọn, mo wé férémù àtijọ́ padà, mo sì wálé.

Ọ̀sán mẹ́ta gbáko ni èmi àti ìyá mi fi jókòó ti àwọn fọ́tò wọ̀nyẹn lórí ibùsùn rẹ̀. Èmi ń ṣàpèjúwe, òun ń dárúkọ, mo sì ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Bí mo bá ní ọgbọ́n tó láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ṣì ríran, iṣẹ́ náà ì bá rọrùn, ṣùgbọ́n kì bá tí dùn tó bẹ́ẹ̀.

"Ọkùnrin kan rèé, mà. Ó di agboòrùn mú, ó kọ ilà."

"Ṣé bàtà rẹ̀ bára mu?"

Mo gbé e súnmọ́ ojú. "Rárá o! Ọ̀kan ní okùn, ọ̀kan ò ní."

"Bàbá ìyá mi nìyẹn. Ó ní bàtà méjì lulé, ẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì. Ó wá yá ọ̀tún lọ́wọ́ àna rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó sọ ẹni tó yá ìró ẹlòmíràn ró, ẹni tó ń bínú nígbà tí wọ́n ń yà á, ẹni tó ti bímọ ní ìkọ̀kọ̀. Mo gbọ́ nǹkan tí mi ò lè kọ sẹ́yìn fọ́tò kankan. Inú mi dùn lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn ju bó ṣe ti dùn lọ láti ọdún pípẹ́. Ó ń ṣe mí bíi pé kí fọ́tò má tán.

Mo fi ti ìbejì sẹ́yìn gbogbo wọn.

"Èyí kò le, mà," mo ní. "Àwa ìbejì ni. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé àbúrò mi ló wà lọ́wọ́ òsì, èmi ni mo wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Onífọ́tò Ìjerò ló ní kí n bi yín ná."

 Ìyá mi na ọwọ́, mo sì gbé férémù àtijọ́ náà lé e lọ́wọ́. Ó ń fi àtàǹpàkò wọ́ gíláàsì náà.

"Ọkùnrin yẹn mọ uṣẹ́ rẹ̀," ó ní. "Ìwọ ni."

"Èwo ni èmi, mà?"

"Méjèèjì."

Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí. Ẹ̀fọ̀n la ń gbé nígbà náà, bàbá mi ń ṣe olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ níbẹ̀. Éèyi mú àwa méjèèjì lọ́sẹ̀ kan náà. Èmi yè é, àbúrò mi kò yè é. Wọn ò tíì ya fọ́tò rẹ̀ rí. Ìyá bàbá mi gbéra láti Aràmọkọ, ó ní àfi kí wọ́n gbẹ́ ère fún èyí tó lọ, kí ó má bàa padà wá pe èyí tó kù. Bàbá mi ní ère kò lè wọ ilé olùkọ́ ìjọ. Ó bi ìyá rẹ̀ pé kí ni òun fẹ́ sọ fún pásítọ̀. Ìyá rẹ̀ ní kì í ṣe pásítọ̀ ni òun lóyún fún. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìyá àgbà kò jẹun wa mọ́. Onífọ́tò Ẹ̀fọ̀n ló wá bá wọn parí ìjà. Ó sọ fún ìyá mi pé òun máa ń ṣe é fún àwọn tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí: òun á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀kan nínú aṣọ tirẹ̀, òun á tún yà á lẹ́ẹ̀kan nínú aṣọ ìkejì rẹ̀, òun á sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Bàbá mi ní fọ́tò kì í ṣe òrìṣà. Ìyá rẹ̀ ní bí ojú ọmọ bá ṣáà ti wà níbẹ̀, ó tó. Bí wọ́n ṣe fi fìlà abetí ajá bo irun mi nìyẹn.

Inú bí mi. Mi ò ní parọ́ fún yín, inú bí mi gidigidi. Mo dìde kúrò lórí ibùsùn, mo lọ dúró sẹ́yìnkùlé níbi tí ìyá mi kò ti lè gbọ́ bí mo ṣe ń mí. Ara mi ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ọmọdé. Ara mi ni mò ń gbé káàdì sókè fún. Mo ní kò sí ẹni tó jọ mí bíi tirẹ̀! Báwo ni kò ṣe ní jọ mí? Mo ti sáré dé Ìjerò, mo ti pàtẹ́wọ́ pé ojú rẹ̀ ṣẹ́ kù, ojú rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ rí. Ó ṣe mí bíi pé ọ̀sán ọjọ́ náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Nígbà tí mo padà wọlé, ìyá mi ṣì di férémù náà mú síbi tí mo fi í sí.

"Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ fún mi, mà?"

"O ti tó ọmọ ọdún mẹ́rin ní ugbà tí mo kọ́kọ́ rí ọ níbi tó o ti ń na ẹ̀pà sí i pé kó gbà. Ṣé kí n wá gbà á lọ́wọ́ rẹ?" Ó tún fi àtàǹpàkò wọ́ gíláàsì náà. "Ugbà tó o dàgbà, mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà náà, èmi gan-an ti sọ ojú rẹ̀ nù."

"Báwo, mà?"

"Mo mọ̀ pé ó dúdú jù ọ́ lọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ òsì ló fi ń sùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá wá ojú rẹ̀, èyí tó dé fìlà yìí ló ń yọ sí mi. Èmi ni mo bí i, tíṣà, mi ò sì mọ ojú rẹ̀ mọ́. Èyí nìkan ni mo ní." Ó wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan: "Má kọ ọ́ pé ìwọ ni. Bí mo bá lọ tán, kọ ohun tó bá wù ọ́."

Ẹ̀yin ẹ bá mi rò ó. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́. Ohun tí mo bá kọ sẹ́yìn fọ́tò yìí ni àwọn ọmọ mi àti ọmọ wọn yóò gbà gbọ́, torí kò ní sí ẹni tí wọ́n á bi. Pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ mi, mo sì mọ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ òótọ́ náà, kí ló kù fún ọmọ yẹn? Wọ́n ti kọ́ ilé sórí ibi tí wọ́n sin ín sí ní Ẹ̀fọ̀n. Wọn ò gbẹ́ ère fún un. Kò sí ẹni tó rántí ojú rẹ̀, ìyá rẹ̀ pàápàá kò rántí. Ààyè kékeré tó jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì yẹn ni gbogbo ohun tó ní láyé, èmi ni mo sì bá a jókòó síbẹ̀.

Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi rò ó. Mo ń fi iṣẹ́ bo ara mi. Mo wá páálí tó nípọn, mo fi pépà funfun sí àárín fọ́tò kọ̀ọ̀kan, mo to àwọn àpò kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n lè máa fa omi. Mo gbé e sí yàrá àárín, lórí pẹpẹ tó jìnnà sílẹ̀, tó sì jìnnà sí àjà. Onífọ́tò Ìjerò bá mi tẹ ẹ̀dà àwọn tó kù, ẹ̀dà ni mo sì kọ́ sára ògiri pálọ̀, mo sì mú wọn wálẹ̀ débi tí ojú ènìyàn dé. Mo tò wọ́n bí wọ́n ṣe dàgbà síra wọn ṣá o, mi ò fẹ́ ìjà.

Níkẹyìn, mo mú ẹ̀dà fọ́tò ìbejì wá sórí ibùsùn ìyá mi, mo sì kọ ọ́ níṣojú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí i.

"O ti kọ ọ́?" ó ní. "Kà á fún mi."

Mo kà á. "Ọwọ́ ọ̀tún, èmi. Ọwọ́ òsì, àbúrò mi ọkùnrin. Ní Ẹ̀fọ̀n, nígbà tí a wà lọ́mọ ọdún méjì."

Ibi tí ẹ ti ń kà á yìí ni mo kọ òótọ́ sí. Ẹ̀yìn fọ́tò, ti ìyá mi ni.

Ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó dáa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, mo ti ń wá àpò ìwé tí mo fẹ́ fi í sí, nígbà tó tún sọ̀rọ̀.

"Ní ọjọ́ yẹn, ugbà tí mo wọ ẹ̀wù rẹ̀ fún ọ tán, o wo ẹ̀wù náà, o wo ṣòkòtò, o wá bẹ̀rẹ̀ sí pe ìkejì rẹ. Ò ń fa ẹ̀wù yẹn, ò ń wo ẹ̀yìn aṣọ olódòdó, o lọ wo abẹ́ bẹ́ǹṣì, ò ń pè é. Onífọ́tò ní ká dúró títí tó o fi dákẹ́."

 Mo gbé orí mi lé itan ìyá mi, èmi arúgbó yìí, mo sì sunkún bí ó ṣe wù mí. Ọjọ́ kan ti wà rí tí mo mọ ojú rẹ̀ gidi, tí mo sì ń wá a.